Ó Fì Sí Òsì: Bí A Ṣe Mú Ìdí Porsche 911 SC Kan Dọ́gba

Porsche 911 SC ti ọdún 1982 ni, ọ̀dà ara rẹ̀ ń dán gbinrin. Ẹni tó ni ín kò ráhùn nípa ẹ́ńjìnnì, kò ráhùn nípa bíréèkì. Ó lọ dúró sẹ́yìn ọkọ̀ náà, ó ká apá mọ́ àyà, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ bá mi wò ó dáadáa. Ṣé kì í ṣe pé ìdí rẹ̀ fì sí òsì?"

Ó fì lóòótọ́. Kò sí olójú tí kò ní rí i.

Ó ti gbé e dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì kan kó tó wá sọ́dọ̀ mi. Ìyẹn ti sọ fún un pé sípíríǹgì òsì ló rẹ̀, kó lọ wá tuntun. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má tíì náwó. Irú irin tó gbé ìdí ọkọ̀ yìí ró kì í ṣàdédé rẹ̀ lápá kan kí èkejì sì le koko.

Ẹni tó bá wo abẹ́ ọkọ̀ náà tó ń wá sípíríǹgì tó ká bí ejò kò ní rí nǹkan kan. Tọ́ṣọ̀n báà ló wà níbẹ̀. Ọdún 1931 ni ilé iṣẹ́ Ferdinand Porsche ti béèrè fún ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọgbọ́n yìí. Volkswagen Beetle lò ó, Porsche 356 lò ó, 911 náà sì bá a yí láti ìgbà tí wọ́n ti fi hàn ayé ní 1963 títí di 1989, nígbà tí 964, ìyẹn 911 tuntun tó rọ́pò rẹ̀, dé pẹ̀lú sípíríǹgì kíká. Ọ̀pá irin gbọọrọ ni. Ti ẹ̀yìn 911 SC nípọn ní mílímítà 24, ìyẹn bíi àtàǹpàkò ọkùnrin tó sanra. Orí rẹ̀ kan wọnú páìpù irin ńlá tó dábùú ọkọ̀, ibẹ̀ ló dúró sí, kò lè yí. Orí kejì jáde síta, ó wọnú apá irin pẹlẹbẹ kan tó nà sẹ́yìn lọ bá táyà. Bí táyà bá gòkè, apá á bá a gòkè, ọ̀pá á sì lọ́ bí aṣọ tí alágbàfọ̀ ń fún. Bó ṣe ń wá ọ̀nà àtitú padà yẹn gan-an ló ń gbé ọkọ̀ ró.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù ni eyín rẹ̀. Eyín 40 ló wà ní orí tó wà nínú, 44 ló wà ní orí òde. Bí ẹ bá yí ti inú ní eyín kan, dígírì 9 lẹ yí. Bí ẹ bá dá ti òde padà ní eyín kan, dígírì 8.18 lẹ dá padà. Ohun tó ṣẹ́ kù sí yín lọ́wọ́ jẹ́ dígírì 0.82, èyí tó ń di bíi mílímítà 7 tó bá fi dé ìdí táyà. Eyín gbàǹgbà gbàǹgbà ni, síbẹ̀ wọ́n ń fúnni ní ìgbésẹ̀ kékeré. Kò sí bóòtì níbẹ̀, kò sí ohun tó lè tú lójú ọ̀nà. Eyín lásán ni.

Lórí SC, wọ́n tún fi ìrọ̀rùn kan kún un. Apá irin pẹlẹbẹ náà jẹ́ méjì tí wọ́n dè pọ̀, bóòtì kan sì wà láàárín wọn tí a lè fi yí igun wọn díẹ̀ láìfa ọ̀pá jáde. Àtúnṣe kékeré ni ìyẹn wà fún. Ní ẹ̀gbẹ́ òsì ọkọ̀ yìí, ẹnì kan ti yí i lọ sókè títí ó fi kan òpin. Ìdí nìyẹn tí mẹkáníìkì ìṣáájú fi ní sípíríǹgì ló rẹ̀: ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ti tán lọ́wọ́ rẹ̀.

A wo afẹ́fẹ́ táyà, ó pé. A bẹ̀rẹ̀ sí í wọn gíga.

Ìwọ̀n àkọ́kọ́ ni èyí tí gbogbo èèyàn ń ṣe, téèpù láti ilẹ̀ dé etí fẹ́ńdà. Òsì fi mílímítà 22 kéré sí ọ̀tún. Ọmọṣẹ́ mi súfèé. Ṣùgbọ́n èmi kì í gba téèpù etí fẹ́ńdà gbọ́ bọ̀rọ̀. Mo ní kó gbé rọ́bà olómi wá, ọ̀kan tó mọ́ gaara tí àwọn bíríkìlà fi ń mú ìpìlẹ̀ ilé dọ́gba. A bu omi sí i, a fà á láti ìdí táyà kan dé ìdí èkejì. Omi náà lọ, ó bọ̀, ó tún lọ, ó wá jókòó. Ilẹ̀ tó wà lábẹ́ táyà ẹ̀yìn òsì fi mílímítà 8 ga ju abẹ́ àwọn mẹ́ta yòókù lọ. Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń búra pé ó tẹ́jú! A gé páànù, a tò ó sábẹ́ táyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta títí omi fi dọ́gba, a ti ọkọ̀ síwájú, a tì í sẹ́yìn, a tún wọ̀n. Mílímítà 22 di 18.

Mílímítà 8 ni ilẹ̀ fi yàtọ̀, 4 péré ló kúrò nínú ìwọ̀n. Mo rí i, mo kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ mi, mo sì kọjá lọ. Ká ní mo dúró bi ara mi léèrè ibi tí 4 yòókù wọlé sí ni, iṣẹ́ ọjọ́ méjì ì bá má di mẹ́rin.

Ìwọ̀n kejì ló ṣe pàtàkì. Ìwé àtúnṣe ọkọ̀ yìí kò ní kí ẹnikẹ́ni wọn fẹ́ńdà. Gíga àárín táyà àti gíga àárín páìpù tọ́ṣọ̀n báà ló ní ká fi wéra, nítorí páànù ni fẹ́ńdà, ẹnikẹ́ni sì lè ti gé e, kó jó o, kó fi púútì bò ó. Nígbà tí a wọ̀n ọ́n báyìí, ìyàtọ̀ òsì sí ọ̀tún jẹ́ mílímítà 14. Mo fi ìka gba abẹ́ etí fẹ́ńdà òsì kọjá, ọwọ́ mi kan ibi tí wọ́n ti jó o rí. Mílímítà 4 tó kù wà nínú fẹ́ńdà nìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ sípíríǹgì rárá.

Ìdí ọkọ̀ nìkan la wọ̀n. Oníbàárà ní ìdí ló fì, èmi náà tẹjú mọ́ ìdí.

Ọjọ́ kejì, a gbé e sórí sìtáǹdì. A ti jáàkì sábẹ́ apá ńlá tó gbé táyà dání kí a tó tú bóòtì ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀kì, torí bí apá yẹn bá já bọ́ fúnra rẹ̀, rọ́bà bíréèkì àti ṣáàfù ni yóò gbé ẹrù tí kì í ṣe tiwọn. A fi ìṣó fa ilà sí ibi tí apá pẹlẹbẹ àti apá ńlá ti pàdé, kí aláìmẹ́ǹtì má baà sọnù pátápátá, a sì tú wọn kúrò lára wọn. Lẹ́yìn náà la tú bóòtì mẹ́rin tó wà lára ìdérí búùṣì, rọ́bà tí apá pẹlẹbẹ náà ń yí nínú rẹ̀.

Ibí yìí ni kí ẹni tó bá fẹ́ dán an wò ti fara balẹ̀. Apá pẹlẹbẹ náà máa ń jókòó lé èékánná irin kan lára bọ́dì, ọ̀pá náà sì ṣì ní agbára nínú níbi tó jókòó sí yẹn. Bí ẹ bá fi irin yẹ̀ ẹ́ kúrò lórí èékánná yẹn, gbà! ló máa já sísàlẹ̀. Mo ní kí ọmọṣẹ́ mi kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn kí n tó yẹ̀ ẹ́. Ó jọ pé ó rò pé mo ń ṣe àṣejù, títí ó fi gbọ́ ìró rẹ̀.

Ìgbà tó já tán ló wá rọ̀ dẹ̀ẹ̀, tí ọ̀pá kò ní lílọ́ kankan nínú mọ́. Igun tó bá wà nígbà náà ló máa sọ bí ọkọ̀ yóò ṣe ga tó. A gbé òṣùwọ̀n igun lé ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn ọkọ̀ láti mọ bí bọ́dì fúnra rẹ̀ ṣe dà, a gbé e lé apá náà, a yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì. A ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́tùn-ún. Òsì fi dígírì 1.6 kéré.

Ọmọṣẹ́ mi ló kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀. "Ọ̀gá, dígírì 1.6, ìgbésẹ̀ méjì nìyẹn. Ìgbésẹ̀ méjì, mílímítà 14. Mílímítà 14 la sì wọ̀n!" Ó ṣe wẹ́kú. Inú mi dùn sí i, inú mi sì dùn sí ara mi. Mi ò tíì rí ìṣirò tó tan èèyàn jẹ bí èyí tó bá ohun tó ń retí mu.

Búùṣì òsì wá jáde. Rọ́bà apá òkè rẹ̀ ti tẹ́ pẹlẹbẹ bí awọ bàtà tó gbó, ó ku díẹ̀ kí irin máa ha irin. Ibi tó yẹ kó wà ní àárín gan-an ti fi mílímítà 4 gbéra sókè, èyí tó túmọ̀ sí pé bọ́dì ti fi ìwọ̀n kan náà wọlẹ̀ lé e lórí. A pààrọ̀ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ẹni tó bá fi tuntun sí ẹ̀gbẹ́ kan tó fi gbígbó sílẹ̀ ní èkejì ti ń gbin ẹjọ́ mìíràn.

Fífa ọ̀pá jáde gba sùúrù. Ọmọṣẹ́ mi gbé páláyà, mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀dà tó wà lára tọ́ṣọ̀n báà kì í ṣe ẹwà. Bí irin bá ha á, omi á wọlé, ìpẹtà á bẹ̀rẹ̀ láti ojú ibẹ̀, ọ̀pá tó sì ń lọ́ tó ń tú lójoojúmọ́ yóò kán níbi tí ìpẹtà ti jẹ ẹ́. Ọwọ́ àti àkísà la fi fà á. Mo fi ojú orí rẹ̀ han ọmọṣẹ́ mi: lẹ́tà L ni wọ́n tẹ̀ sí i, R ló wà lára ti ọ̀tún. Wọ́n ti lọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà tirẹ̀ nílé iṣẹ́ kó tó jáde. Ẹni tó bá gbé ti òsì sí ọ̀tún ti ba méjèèjì jẹ́.

A dá bóòtì àtúnṣe tó wà lára apá òsì padà sí àárín, kí ó lè ní ibi tó máa lọ lọ́jọ́ iwájú. Ìyẹn gba dígírì 0.8 mìíràn, nítorí náà ìgbésẹ̀ méjì di mẹ́ta. Ti inú, eyín 3 síhìn-ín, dígírì 27. Ti òde, eyín 3 sẹ́yìn, dígírì 24.5. A fi gíríìsì ra eyín gbogbo. Mo fi ọmọṣẹ́ mi sídìí rẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ lè mọ̀ ọ́n: eyín máa ń kọ̀ ní àkọ́kọ́, ẹ máa yí i bíńtín, á tún kọ̀, ẹ yí i bíńtín sí i, ó kàn máa wọlé wọ̀ọ̀ bí ẹni pé kò ṣagídí rí. Kò sí òòlù nínú rẹ̀. Òṣùwọ̀n igun ka iye kan náà lósì àti lọ́tùn-ún, a dì í padà.

Nígbà tí a sọ ọkọ̀ kalẹ̀, ìdí rẹ̀ ga gelemọ bí ti tata. Ẹ̀rù ba ẹni tó ni ín. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kó rìn ná." Bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ yìí sókè, ẹsẹ̀ táyà ẹ̀yìn máa ń wọ sínú, bí wọ́n bá sọ ọ́ kalẹ̀, táyà fẹ́ yọ síta padà, ilẹ̀ kò sì jẹ́ kó yọ. Àfi kó yí kó tó jókòó. Ó wà á fún bíi kìlómítà 30, ó padà dé. Ìdí ti wálẹ̀. A wọ̀n ọ́n: òsì ṣì fi mílímítà 5 kéré.

Òdo ni mo ń retí.

"Ẹ fún un ní ìgbésẹ̀ kan sí i," ni oníbàárà wí, "ká fi gbogbo rẹ̀ mọ níbẹ̀." Ó kù díẹ̀ kí n gbé sípánà.

Ìwé iṣẹ́ mi ló gbà mí sílẹ̀. Mo ṣí i lálẹ́ ọjọ́ yẹn láti kọ 5 sílẹ̀, ojú mi sì ṣèèṣì bọ́ sórí ìlà ọjọ́ àkọ́kọ́: ilẹ̀ 8, ìwọ̀n 4. Ìdajì. Mo wá ṣírò ohun tí a ti ṣe. Igun fún wa ní mílímítà 14, búùṣì fún wa ní 4, àpapọ̀ 18. Ìdajì 18 jẹ́ 9. Ẹ yọ 9 kúrò nínú 14, ó ku 5. Ohun tó wà nílẹ̀ gẹ́ẹ́ nìyẹn.

Bọ́dì ọkọ̀ kì í tẹ̀ bí ọ̀pẹ. Bí ẹ bá ti igun kan sókè, gbogbo bọ́dì ló máa yí, àwọn sípíríǹgì iwájú á sì kọ̀ fún un. Ìyàtọ̀ òsì sí ọ̀tún tí ojú ń rí jẹ́ àdéhùn láàárín iwájú àti ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ní bíi ìdajì ohùn, iwájú ní ìyókù. Mo ti ń bá ẹ̀yìn nìkan sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Bí ẹ̀yìn bá ti dọ́gba tí 5 ṣì wà nílẹ̀, a jẹ́ pé iwájú ń fa mílímítà 10.

Ní òwúrọ̀, mo wọn iwájú. Òun náà fì sí òsì ní mílímítà 5, ìyẹn kò sì sọ ẹni tó jẹ̀bi, torí bọ́dì kan ṣoṣo ló ń fì. Ṣé òsì iwájú ló wọlẹ̀ ni, àbí ọ̀tún iwájú ló ga? Ìwọ̀n gíga kò lè dá ẹjọ́ yìí. Ìwọ̀n kílò ló lè dá a. A to òṣùwọ̀n mẹ́rin sábẹ́ táyà, a fi rọ́bà olómi mú wọn dọ́gba, a tú etí kan lára sìtàbìláísà, ọ̀pá tó so òsì mọ́ ọ̀tún, kó má baà fi ọ̀rọ̀ pamọ́, a gbé àpò iyanrìn kílò 75 sórí àga awakọ̀. Kò sí ẹni tó ń wọn 911 ní òfo tó lè mọ bó ṣe ń rìn.

Gbogbo rẹ̀ jẹ́ kílò 1,240. Ọ̀tún iwájú àti òsì ẹ̀yìn gbé 634, òsì iwájú àti ọ̀tún ẹ̀yìn gbé 606. Bí tábìlì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin bá gùn ní ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ yẹn àti èyí tó kọjú sí i lódìkejì ni yóò máa gbé ẹrù. Òsì ẹ̀yìn ti bá ọ̀tún ẹ̀yìn dọ́gba nínú igun, a ti rí ìyẹn pẹ̀lú ojú wa. Ọ̀tún iwájú ló gùn. Mo ta iná sábẹ́ rẹ̀: bóòtì tí wọ́n fi ń tún gíga iwájú ṣe wà níbẹ̀, ojú okùn rẹ̀ ń dán yànràn nígbà tí ti òsì ṣì wà nínú ìdọ̀tí ọdún gbọọrọ. Ẹnì kan ti fọwọ́ kàn án, bóyá torí táyà tó ń ha fẹ́ńdà, mi ò mọ̀. Àmọ́ ẹni yẹn ló tẹ ìdí òsì mọ́lẹ̀ láti iwájú.

Ẹ wá wo ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ ká ní mo gbọ́ràn sí oníbàárà lẹ́nu. Ìgbésẹ̀ kan ì bá mú mílímítà 3.5 kúrò, ìyẹn nìkan kì í sì í tẹ́ ẹni tó ń fi rúlà wo ọkọ̀ lọ́rùn; èkejì ì bá tẹ̀ lé e. Ìdí ọkọ̀ ì bá dọ́gba lójú, inú ẹni tó ni ín ì bá dùn. Ṣùgbọ́n 634 ì bá tún fò sókè sí i, òsì iwájú ì bá sì fúyẹ́. Táyà tó fúyẹ́ ló máa kọ́kọ́ gan bí èèyàn bá tẹ bíréèkì gírígírí. Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn táyà ẹ̀yìn kò fẹ́ràn eré bẹ́ẹ̀: yóò gba kọ́nà òsì bí ọmọlúàbí, yóò sì ya wèrè ní kọ́nà ọ̀tún.

Iṣẹ́ iwájú kò gba wákàtí kan. Bóòtì lásán ni, kò sí eyín kankan láti kà. Mo tú u wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, a ń ti ọkọ̀ síwá sẹ́yìn láàárín ìgbà kọ̀ọ̀kan, a sì ń ka òṣùwọ̀n. 634 di 629, ó di 625, ó di 622. Èkejì sì di 618. Mo dúró níbẹ̀. A dá sìtàbìláísà padà, a wọn gíga: mílímítà 1 ni ìyàtọ̀ ẹ̀yìn.

Kámbà àti tóò, ìyẹn bí táyà ṣe fì sínú tàbí síta àti ibi tí imú rẹ̀ kọjú sí, la fi parí rẹ̀, nítorí gbogbo ìgbà tí gíga bá yí lórí ọkọ̀ yìí ni igun táyà ẹ̀yìn ń bá a yí; ilà tí a fi ìṣó fà kàn ń jẹ́ kí ọkọ̀ lè rìn dé orí ẹ̀rọ aláìmẹ́ǹtì ni. A tún ojú iná iwájú ṣe pẹ̀lú, torí imú ọkọ̀ ti wálẹ̀ díẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù kan, ó padà wá fún òróró. Mo wọ̀n ọ́n láìjẹ́ pé ó bi mí, mílímítà 1 náà ṣì ni. Bí mo ṣe gbójú sókè báyìí, ó ti lóṣòó sí ìdí táyà òsì pẹ̀lú rúlà lọ́wọ́, ó ń wọn etí fẹ́ńdà.

"Ọ̀gá, mílímítà 4 ṣì wà níbí o."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ panẹlibítà nìyẹn."